Fóònù ní kámpù ọmọdé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí họ́lídè tó dé

ÀǹtíKámpù
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń ṣe kámpù ọmọdé lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́nà Òkè-Ẹ̀rì, gbogbo họ́lídè gígùn, ọdún kẹfà rèé. Ọjọ́ méjìlá ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá, wọn kì í ju ogójì lọ. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí géèmù. Wọ́n á pọn omi, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á kọ́ oríkì, wọ́n á ta ayò, wọ́n á di aṣọ fún àdìrẹ, àwọn fúnra wọn ló ń rin ewùrà tí a fi ń se ìkókoré, tó bá wá di alẹ́, àlọ́ ló kù. Torí ẹ̀ làwọn òbí ṣe ń sanwó. Òfin wa ò yí padà láti ọdún àkọ́kọ́: ọmọ kankan ò gbọdọ̀ mú fóònù wá.

Ọdún tó kọjá ni ojú wa rí nǹkan. Ọmọkùnrin ọdún méjìlá kan fi láílọ́ọ̀nù méjì wé fóònù ẹ̀, ó rì í sínú ike gàrí. A ò bá má mọ̀ o, àmọ́ kò rántí pa álààmù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, ike gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kùn hùùù. Ọmọ tó sùn nítòsí ti fò sókè pé ejò ni. Nígbà tí a da gàrí náà sórí tíréè, fóònù jáde, ṣájà jáde, páwà báǹkì náà jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá ẹ̀ gbọ́ pé a gbà á, èmi ló bá jà! Ó ní òun lòun gbé e fún un, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọmọ òun ṣì wà láyé.

Òmíràn tún wà. Ìyá ọmọ kan ń gbé ní Toronto, fídíò kọ́ọ̀lù lálaalẹ́ lòun fẹ́. Àwọn òbí inú gúrúùpù WhatsApp wa náà ò jẹ́ ká sinmi, láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni "Àǹtí, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀", tí a bá wá fi sílẹ̀, ẹni tí kò rí ọmọ tiẹ̀ á ní "tèmi ńkọ́, ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?" Ó wá di pé àwa àgbà la ń di fóònù mú láti òwúrọ̀ dalẹ́ níbi tí a ti ní kò sí fóònù. Ọ̀rọ̀ fídíò kan tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ gbé sórí TikTok náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti yanjú ìyẹn.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé ká gba fóònù láàyè fún wákàtí kan lójúmọ́, àbí ká di òfin wa mú gírígírí? Ẹ̀gbọ́n mi ní ayé ti yí, tí a ò bá gbà, kámpù mìíràn á gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ bú òbí.

ỌmọṢàgámù
Ẹ má gbà o jàre. Ọjọ́ méjìlá péré! Ọmọ tí kò lè fi fóònù sílẹ̀ fọ́jọ́ méjìlá, ọsibítù ló yẹ ẹ́, kì í ṣe kámpù. Ìyá tó bá ń jà, kó wá mú ọmọ ẹ̀.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta
Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu o @ỌmọṢàgámù. Ọmọ mi kejì, jẹnotáìpù SS ló ní. Ó ń wù ú kó tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ kámpù, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ pé rárá. Ìgbà tí mo wá gbà, kámpù kan (kì í ṣe ti Àǹtí yìí o) fún mi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, mo pè é lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó sọ fún mi pé bátìrì ló kú, pé NEPA ò mú iná wá. Ọmọ mi sì ti ń jẹ̀rora láti aago kan òru, wọ́n rò pé òtútù lásán ni. Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún TikTok, mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbé fóònù tí mo bá pè. Tí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ọmọ mi á mú tiẹ̀ dání, ẹ̀ báà ní kó fi gàrí bò ó.

TíṣàRẹ́mọ
Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Mo ti bá ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe kámpù ọmọdé fọ́dún mẹ́sàn-án ní Rẹ́mọ níbí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí nípa wákàtí kan yẹn.

A gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún kan, aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbọ́, láti aago méjì làwọn ọmọ ò ti gbọ́ nǹkan tí à ń sọ mọ́, "Tíṣà, aago mélòó ló lù?" Tó bá di mẹ́rin, àwọn tó ní fóònù ńlá á jókòó síbì kan, ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà á rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, àwọn tí kò ní á máa rìn kiri bí ọmọ òrukàn. Dátà ẹnì kan á tán, á ní kí ẹlòmíràn ṣí hótísípọ́ọ̀tì fún òun, yẹn ò ní gbà, ìjà dé nìyẹn. Tó bá di márùn-ún, ká tó gba fóònù padà lọ́wọ́ wọn, wákàtí mìíràn ti lọ. Ṣájà ńkọ́? Epo jẹnẹrétọ̀ tí a rà fún omi àti iná alẹ́, ṣájà ló jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ karùn-ún la fagi lé e.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, fóònù tọ́ọ̀ṣì kéékèèké méjì la rà, èyí tí kò mọ̀ ju ká pè ká gbé e lọ. Ọ̀kan MTN, ọ̀kan Airtel, torí níbi tí a wà, tí ọ̀kan bá dágbére, èkejì á dúró. Bátìrì ẹ̀ á lo ọjọ́ mẹ́ta ká tó wá iná fún un. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan wà lọ́rùn èmi tọ̀sán-tòru, mo fi okùn so ó kọ́rùn bí ẹni so kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà méjèèjì wà lórí fọ́ọ̀mù. @ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta, mo rò pé irú ẹ̀ lẹ ń wá, ìyẹn ò sì ní kí ọmọ fúnra ẹ̀ ní fóònù. Ọmọ tó bá ní àìlera, a máa ń kọ tiẹ̀ sórí ìwé lọ́tọ̀: bí ìrora ẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń lò, ẹni tí a máa kọ́kọ́ pè. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ ti kà á.

Kò sí ìpè sílé títí ọjọ́ kẹrin á fi pé o, àfi tí ara ọmọ ò bá yá. Alẹ́ kejì lẹkún máa ń pọ̀ jù. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ lálẹ́ yẹn, ó tán, ẹrù ló máa dì.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta
Ti fóònù tọ́ọ̀ṣì yẹn dáa, ẹ ṣé gan-an. Ti ọjọ́ kẹrin ni mi ò fara mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọ̀kan náà. Àbíkẹ́yìn mi, tó bá ti gbọ́ "ó dàárọ̀" lẹ́nu mi, oorun dé. Tí kò bá gbọ́ ọ, gbogbo yàrá ló máa jí.

ỌmọÌjẹ̀búLÉkòó
Ẹ jẹ́ n da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ àṣà, àṣà. Kámpù wo ni àṣà Yorùbá? Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Baden-Powell, ló kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907, níbẹ̀ ni Síkáòtù ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó àti ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Tí a bá lè gba kámpù lọ́wọ́ òyìnbó, kí ló dé tí fóònù wá di èèwọ̀?

Àwọn ọmọ mi méjèèjì, Èkó la bí wọn sí. Orí YouTube ni wọ́n ti kọ́ oríkì Ìjẹ̀bú. "Ọmọ alárè" tí wọ́n ń kì yẹn, kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ, torí èmi gan-an ò mọ̀ ju ìlà méjì lọ. Ẹ fún fóònù níṣẹ́ ṣe. Ẹ ní kí wọ́n fi gba ohùn ìyá àgbà tó ń pàlọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ya bí a ṣe ń di àdìrẹ, bí a ṣe ń rẹ ẹ́ sínú aró, títí dé ibi tí a ti ń tú u. Ọmọ tó ṣe ìyẹn ti kọ́ ju èyí tí ẹ fi pàṣán gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ lọ.

BàbáÌperu
Ọmọ mi, kì í ṣe Brownsea ló kọ́ wa bí a ṣe ń kó ọmọ jọ. Kí ni régbérégbé? Àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra la kó pọ̀, a fún wọn lórúkọ, wọ́n jọ dàgbà, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìlú. Òyìnbó kàn fún wa ní orúkọ tó ń jẹ́ kámpù ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ohùn ìyá àgbà tí o sọ yẹn, torí àwọn ìyá àgbà yìí ò ní dúró dè wá. Fóònù kan tó fún ìyẹn ṣá, kó wà lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ rèé. Họ́lídè yìí lè ko ọdún Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún á máa gba ọ̀nà wọn lọ Ìmọ̀sàn, obìnrin ò gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n. Kí ọmọ wá na fóònù jáde lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, kó máa ya ohun tó bá rí lọ́nà, kí lẹ fẹ́ sọ fún àwọn onílé? Tí ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ bá sì wà nínú Orò, ẹ mọ̀ pé ìyẹn náà kì í ṣe fún kámẹ́rà. Ẹ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí ẹ tó yan ọjọ́ kámpù.

ÀdùkẹKàwé
@ÀǹtíKámpù ẹ dúró ná. Ẹ kàn fò ó kọjá. Fídíò wo ló wà lórí TikTok tí ẹ ní ẹ ti yanjú?

ÀǹtíKámpù
Ẹ ti mú mi.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ló tọ̀ọ́lé lálẹ́ kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́, ọmọ yunifásítì, ya bí ọmọ náà ṣe ń gbé ẹní ẹ̀ lọ sá sóòrùn. Ó fi orin sí i, ó kọ "Sójà Òru" sí i lára. Kò dárúkọ ọmọ, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ hàn kedere, tíṣẹ́ẹ̀tì kámpù wà lọ́rùn ẹ̀. Ọjọ́ kejì la rí i, a ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́, a bẹ ìyá ọmọ. Ohun tí mo pè ní yíyanjú nìyẹn. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni ìyá ẹ̀ pè mí pé àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ti rí i lórí fóònù àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, Sójà Òru ni wọ́n ń pè é, kò fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

ỌmọṢàgámù
Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan bàbàrà. Nígbà tiwa, wọ́n á gbé ẹní lé ẹ lórí, gbogbo ọmọ àdúgbò á tẹ̀ lé ẹ, wọ́n á máa kọrin atọ̀ọ́lé. Mo jẹ nínú ẹ̀, mi ò kú. Mo tún jáwọ́ nínú ẹ̀.

ÀdùkẹKàwé
Mo mọ orin yẹn dáadáa. Àwọn ta ló kọ ọ́ fún yín? Ọmọ agboolé bíi mẹ́wàá, tí àwọn náà tọ̀ọ́lé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà sì kọ ọ́ fún wọn. Kí ẹ tó dé ìdí kànga, ẹnì kan á ti ṣubú, ẹ̀rín á yí sọ́dọ̀ tiẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn lorin parí. Ti ọmọ yìí ńkọ́? Ẹni tó wà ní Sókótó, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ti fi í rẹ́rìn-ín. Tó bá dàgbà tó ń wá ìyàwó, ẹnì kan lè ṣì ní in nínú fóònù. Ẹ má fi wé orin.

Ẹ tún wò ó. Ọmọ tó fi fóònù sínú gàrí ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó rò pé ejò ni. Àgbà tí ẹ gbé fóònù lé lọ́wọ́ ló bayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀yin wá ń béèrè nípa fóònù àwọn ọmọ.

ỌmọṢàgámù
Ti Sókótó yẹn wọ̀ mí lára. Ó dáa. Ṣùgbọ́n fóònù àwọn ọmọ náà, ẹ má gbà á láàyè, mi ò tíì kúrò níbẹ̀ o.

Bọ̀ọ̀dáKámpù
Kí ẹ tó pa àwa tó ń ràn yín lọ́wọ́. Mo ti bá kámpù méjì ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni kámpù gan-an ló ní ká máa gbé fídíò sórí, kí àwọn òbí lè rí i, kí ọdún tó ń bọ̀ lè kún. Ẹni tí wọ́n bá wo fídíò ẹ̀ jù, wọ́n á ra káàdì fún un. Wọn ò sanwó fún wa, oúnjẹ àti ọkọ̀ ni, wọn ò sì jókòó tì wá kí wọ́n sọ pé èyí lẹ lè yà, èyí lẹ ò gbọdọ̀ yà. Ọjọ́ tí wàhálà dé, "ọmọ kan ló ṣe é". Ọmọ yẹn jẹ̀bi, mi ò gbèjà ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kó máa ya fídíò?

ÀǹtíKámpù
Àwa ni.

ẸnjiníàKékeré
Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Ẹ jẹ́ n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ kún un.

TikTok, Facebook, Instagram, títí kan WhatsApp, ọdún 13 ni wọ́n kọ sínú òfin wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yín ò tíì tó ẹni tó ń ní àkáǹtì, wákàtí kan tí ẹ fẹ́ fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Lẹ́yìn náà, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò dátà, ti 2023, ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo dátà ọmọdé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 sì ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Àwòrán ojú ọmọ, dátà ni o. Ẹ fi sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ ya ìlà ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí òbí lè gbà kí ẹ ya ọmọ òun fún òun nìkan kó má gbà fún Facebook. Kì í ṣe kí ẹ kọ "mo gba gbogbo ẹ̀" sísàlẹ̀ pátápátá ní lẹ́tà bíńtín.

Báńà àti tíṣẹ́ẹ̀tì: tí orúkọ kámpù, ìlú àti ọjọ́ bá hàn nínú fọ́tò, ẹni tó ń wá ọmọ ti mọ ibi tó máa bá a. Mo mọ ìdílé kan tí bàbá àti ìyá ti kọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ọmọ ṣì wà ní kóòtù, fọ́tò kámpù ni bàbá rí tó fi dé géètì pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan sórí, ẹ dúró títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi délé.

Ìkẹta, fóònù máa ń kọ ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fọ́tò yẹn tí lokéṣọ̀n kámẹ́rà bá wà ní ṣíṣí. WhatsApp máa ń yọ ọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì kó lè mọ́ dáadáa, ó wà níbẹ̀ digbí. Ẹ kúkú pa á láti inú kámẹ́rà.

Gúrúùpù òbí yẹn, ẹ pa á tì. Gbogbo wọn ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, gbogbo wọn ló ń rí ọmọ ara wọn. Ẹ lo brọ́díkáàsì, á dé ọ̀dọ̀ oníkálukú lọ́tọ̀.

TíṣàRẹ́mọ
@ẸnjiníàKékeré gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ brọ́díkáàsì kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù ẹ̀. Ojú wa rí i. Òbí bíi mẹ́wàá ló ń bú wa pé a ò sọ nǹkan kan látọjọ́ tí àwọn ti gbé ọmọ sílẹ̀, a sì ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ wá, kí ẹ̀yin dúró tì wọ́n, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ lójú yín kí wọ́n tó kúrò ní géètì.

ẸnjiníàKékeré
Òótọ́ ni, mo gbàgbé ìyẹn. Ẹ ṣé sà.

ÌyáNíToronto
Èmi kọ́ ni ìyá Toronto tí ẹ ń sọ o, kí ẹnikẹ́ni má wá mi wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Ẹ fi wákàtí márùn-ún ṣáájú wa lásìkò yìí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní méje alẹ́, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ yín. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ò lè mọ̀ ọ́n lára, aago wọn àti tiyín dọ́gba nígbà ooru. Torí náà tí ìyá kan bá ń ní kí ẹ jí ọmọ, kì í ṣe oríkunkun, ìgbà tó ráyè nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ màmá mi n'Ìjẹ̀bú-Òde, ó lọ sí kámpù kan lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní kò sí fídíò, mo bínú gan-an. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sọ̀rọ̀ sínú fóìsì nóòtì kan, àǹtí wọn á fi ránṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ tó dé, àlọ́ ìjàpá lọmọ mi ń pa. Nígbà tó débi orin, àwọn ọmọ yòókù ń gbè é, òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ó ti gbàgbé pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó kàn ní "Mọ́mì, ó ti parí, wọ́n ń pè wá jẹun", ó ti sá lọ. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Fídíò kọ́ọ̀lù ò ṣe irú ẹ̀ fún mi rí, torí tí a bá ti rí ojú ara wa, ẹkún làwa méjèèjì ń sun.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta
Ẹ pa mí lẹ́kún o @ÌyáNíToronto. Ó dáa, mo gba fóìsì nóòtì dípò "ó dàárọ̀".

ÀǹtíKámpù
Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dáKámpù, ó ní kí n tún un kà, kò sì sọ nǹkan kan.

Àpótí kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà, fóònù àwa àgbà náà á wọnú ẹ̀ láti àárọ̀ títí àwọn ọmọ á fi sùn, tèmi ló máa kọ́kọ́ wọlé. Fóònù tọ́ọ̀ṣì méjì, a ti rà á. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló máa ya fọ́tò, ọwọ́ nínú aró, ewùrà, ẹ̀yìn orí, kò sí ojú ọmọ. Fóìsì nóòtì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Bàbá, mo ti rán ẹnì kan lọ béèrè ọjọ́ Agẹmọ. Ọ̀rọ̀ kí wọ́n fi fóònù gba àlọ́ sílẹ̀, a ṣì ń bá ara wa jà lórí ẹ̀. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́, a máa fún wọn ní nǹkan lọ́dún yìí, bó ti wù kó kéré mọ.

Mo pe ìyá ọmọ yẹn. Mi ò ní kó mú un padà wá, mo kàn ní kó jẹ́ kí n wá kí wọn nílé. Ó ní òun máa rò ó.

Ọmọ onígàrí ti forúkọ sílẹ̀ o. Ìyá ẹ̀ béèrè láàárọ̀ yìí pé ṣé wọ́n ṣì lè mú gàrí wá. Mo ní rárá, gàrí ọdún yìí, kámpù ló máa rà á.

BàbáÌperu
Ẹ yẹ agolo Milo náà wò.